Bàbá Àgbà àti Ẹni Tí Kò Ní Kó Dìde

Níbi ìsìnkú bàbá mi àgbà, Pásítọ̀ gbójú sókè, ó ní, "Tíṣà Ọmọ́táyọ̀ kò di ẹnikẹ́ni sínú rí." Bí ikọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wú u, ó gba àárín àwọn akọrin kọjá, títí ó fi dé iwájú níbi tí àwa ọmọ-ọmọ jókòó sí. Gbogbo ará Kabong, àdúgbò wa ní Jọ́ọ̀sì, tó mọ Bàbá ló ń wúkọ́. Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò bàbá mi, fi ìbòrùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ẹkún ni.

Kí òkú má baà bínú dìde nítorí irọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ ṣe. Bàbá mi àgbà di èèyàn sínú. Ó dì wọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń di ẹrù ìrìn-àjò: ó ká wọn dáadáa, ó so wọ́n, ó sì mọ ibi tí oníkálukú wà. Tó o bá bi í léèrè, á fajú ro bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, á ní:

"Èmi? Mi ò bínú o. Mo kàn ń rántí ni."

Onígbàjámọ̀ kan wà ní àdúgbò Jenta Adamu tó fi abẹ gé e létí kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ò bá a jà. Ṣe ló wá onígbàjámọ̀ mìíràn, èyí tó jìnnà, tí kò sì mọ iṣẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gẹrun tán, ọ̀nà Jenta ló máa ń gbà bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà ilé wa rárá. Tó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, á dúró, á ṣí fìlà, á yí orí sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á kí i lédè Hausa pé, "Sannu da aiki," ẹ kú iṣẹ́ o, á wá dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí onígbàjámọ̀ fi kó kúrò ládùúgbò. Èmi náà bá a rin ọ̀nà yẹn rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí ti bẹ̀ yín tipẹ́."

Ó ní, "Lóòótọ́ ló bẹ̀ mí. Etí tó gé ló ń bẹ̀, ìyẹn ni kò fi wọlé."

Ọmọ Èkìtì ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e dé Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n ní kó wá ṣe é fúngbà díẹ̀. Otútù mú un, ó ra kóòtù. Kóòtù yẹ ẹ́, ó jókòó. Bí ìdílé wa ṣe di ará Jọ́ọ̀sì nìyẹn, kò sí ìtàn akọni kankan níbẹ̀. Yorùbá tèmi àti tàwọn àbúrò mi kún fún "kai" àti "haba", Bàbá á sì máa pè wá ní ọmọ Èkìtì tó sọnù sójà. Ó máa ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ má wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Inú ni wọ́n fi ń gbọ́ Yorùbá."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òyìnbó awakùsà kan ní Rayfield ń kó ẹrù padà sílùú rẹ̀. Bàbá ti ń kọ́ ìyàwó òyìnbó náà ní Yorùbá. Kí lobìnrin yẹn fẹ́ fi Yorùbá ṣe ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí àwa gan-an ò ti rí i lò tán? Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ sinimá kan, kámẹ́rà sinimá kékeré kan àti fíìmù tó kún inú páánù ta Bàbá lọ́rẹ.

Fíìmù àtijọ́ ni gbogbo wọn, èyí tí wọ́n yà kí òyìnbó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ohùn bọ inú sinimá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn ń sáré, tí wọ́n ń ṣubú. Olówó á yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wọnú ẹrẹ̀. Ọlọ́pàá á lé olè títí, á wá bá ara rẹ̀ lódò. Ẹni tó gbé àkàbà á yí padà láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àkàbà á gbá gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn dànù. Lọ́sàn-án Sátidé, tí a bá fọṣọ tán, Bàbá á fa kọ́tìnì pálọ̀ dí, á ta aṣọ ìbùsùn funfun Màmá, ìyàwó rẹ̀, mọ́ ògiri, á tan ẹ̀rọ náà. Á máa ké bí eéṣú. Gbogbo àdúgbò á rọ́ wọlé. Màláàmù Sání, tẹ́là tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n òun ló máa ń gba àga iwájú. Á máa lu itan: "Kai, Tíṣà! Màjìgí!" Bí wọ́n ṣe ń pe sinimá lédè Hausa nìyẹn. Ìyá Berom tó ń ta ọ̀dùnkún náà á wà níbẹ̀, tòun ti agbọ̀n rẹ̀.

Bàbá kì í wo aṣọ yẹn rárá. Ojú wa ló ń wò. Ó ní, "Èdè tí à ń sọ ní pálọ̀ yìí kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ibì kan náà ni gbogbo yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dákẹ́ ló bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀."

Bí a bá rẹ́rìn-ín tán ló máa ń di tíṣà. Á dá fíìmù dúró, á fi ọ̀pá nà án bíi pé pátákó ìkọ̀wé ni. "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó ti tẹ ẹrẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti tẹ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣubú. Ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe! Ìdúró díẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́. Ewúrẹ́ náà lè ṣubú." Nígbà tí tẹlifíṣàn wá wọ ilé wa tán, ní àwọn ọdún 1980, a ò lè wo aláwàdà kankan ní àlàáfíà. Bí ọ̀kan bá ti gbé ìpéǹpéjú sókè kó tó fìdí jálẹ̀, Bàbá á kígbe, "Bàbá bàbá ẹ̀ ń bẹ nínú páánù mi!" Ọkọ Àǹtí Dúpẹ́ nìkan ló máa ń bá a jiyàn. Á ní, "Bàbá, alárìnjó ilé wa ti ń ṣubú kí òyìnbó tó ní kámẹ́rà." Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun alẹ́ tán. Bàbá gbà pé gbogbo ayé ló ti ń ṣubú látìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí kò gbà ni pé ká gbàgbé àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń yà á, tí ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì fi lè fi ìṣubú ẹni tó ti kú nílùú òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan wà tí mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn olówó àti ọlọ́pàá ni wọ́n máa ń gbé ṣubú jù.

Ó ní, "Tálákà tó ṣubú, àánú ni. Ẹni tó rò pé ilẹ̀ ò lè gbé òun ṣubú, ìyẹn ni sinimá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan méjì nípa ẹ̀rọ náà, torí wọ́n máa wúlò. Ó ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: tẹ́ ẹ bá tì í sókè, àwòrán á máa sáré. Ó ní òmíràn tó ń dá àwòrán padà sẹ́yìn, tí ẹni tó ti ṣubú á fi ta dìde nílẹ̀ bíi pé ilẹ̀ pọ̀ ọ́ jáde. Àwa ọmọdé kì í gbà kí Sátidé parí láìjẹ́ pé ó dá ẹnì kan padà fún wa.

Ó wá ku Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè.

Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Jọ́ọ̀sì ni. Bàbá ló kọ́ ọ ní A, B, D nílé, ní Èkìtì. Ọwọ́ Bàbá ló ń fun ikun nímú rẹ̀. Ó wá dàgbà, ó rí ipò, ó di alága, wọ́n sì ń fi í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ó ti yá kámẹ́rà Bàbá fún ayẹyẹ náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń yà á. Alága dìde láti sọ̀rọ̀. Agbádá rẹ̀ há mọ́ ìṣó àga. Ó gbẹ́sẹ̀, àga tẹ̀ lé e. Ó dúró, àga dúró. Ó tún gbẹ́sẹ̀, àga tún bá a lọ. Gbogbo ilé mú ẹnu mọ́ra, torí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Bàbá, tó ti ń fi irú èyí hàn wá ní gbogbo Sátidé, bú sẹ́rìn-ín.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alága. Ẹ dákun. Àga yín ló ṣe é."

"Ẹ̀yin? Ẹ wá síwájú níbí. Ẹ ó dọ̀bálẹ̀, kí gbogbo ilé rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ máa yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé yín látòní lọ."

Ìgbéyàwó Àǹtí Dúpẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà yẹn. Ní ìdálẹ̀, ẹgbẹ́ ni ẹbí. Bí wọ́n bá yọwọ́, ta ni yóò jókòó gba àwọn àna lálejò? Ta ni wọ́n máa kí gẹ́gẹ́ bí ará ilé ìyàwó? Bàbá wo Àǹtí Dúpẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó bọ́ fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí síméǹtì fún ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ìwé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí a dọ̀bálẹ̀ fún ló ń ní ká dìde. Títí tá a fi máa gbọ́ "ẹ dìde", ilẹ̀ la wà. Alága ò sọ ọ́. Ó yíjú sí akọ̀wé, tí kò tíì dáwọ́ yíyà dúró, ó ní, "Ya èyí náà." Ó ní kí wọ́n ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan fún òun. Ó mu díẹ̀. Ó bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọyẹ́ tọdún yẹn. Ó tún mu díẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo rí bí gògóńgò ọkùnrin náà ṣe ń lọ sókè sódò. Ó mu ún débi òkìtì fóòmù tó wà nísàlẹ̀ ìgò, ó gùnfẹ̀, ó wá fọwọ́ ṣe báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kò lanu.

Nílé, Màmá ń gbọn síméǹtì kúrò lára kóòtù. Bàbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀:

"Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Kò ní kí n dìde."

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà yẹn, ó sì máa ń pẹ́. Bàbá fi í ránṣẹ́ bí olóòótọ́. A ṣe ìgbéyàwó Àǹtí Dúpẹ́, ẹgbẹ́ bá wa gbàlejò, ó dùn. Lọ́jọ́ tí fíìmù dé, Bàbá fa kọ́tìnì dí, ó wò ó ní òun nìkan. Màmá gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ké, tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ti fi lé e lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ bá a gbé ọwọ́ kan níbẹ̀ ni."

Kò pẹ́ tí Alága fi wá sílé wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìpàdé ìparí ọdún ń bọ̀, àwọn ọmọ ìlú ń bọ̀ láti Bukuru àti Kaduna, ó fẹ́ kí wọ́n rí fíìmù ayẹyẹ òun. "Tíṣà, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ̀rọ yìí lò."

Bàbá ní, "Tayọ̀tayọ̀ ni, sà."

Màmá gbọ́ "sà" yẹn láti ilé ìdáná, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kẹ́ ẹ má sì gé ibì kankan kúrò o," ni Alága wí.

"Ká gé e kẹ̀? Kò ní dín, sà. Bóyá kó lé díẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé tutù, ọyẹ́ ń já wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo wa wọ súwẹ́tà. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ fi sinimá aláìsọ̀rọ̀ mú ara àwọn àlejò móoru. Ó fi olówó inú ẹrẹ̀ hàn wọ́n. Ó fi ọlọ́pàá inú odò hàn wọ́n. Ó fi alákàbà hàn wọ́n, tó lọ, tó bọ̀. Èrò ń fò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rín ti mọ́ wọn lẹ́nu débi pé bí ẹnikẹ́ni bá kàn yọjú lára aṣọ yẹn, wọ́n ti ṣetán. Bàbá ò tan iná. Kò kéde nǹkankan. Ó fi fíìmù Alága sí i, ó sì ti ọ̀pá kékeré yẹn sókè.

Alága yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sáré tete bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ ìta, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń mi orí síbí, ó ń mi orí sọ́hùn-ún, ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ jìgìjìgì. Èrò ò tíì mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n rò pé sinimá ṣì ni. Ìyàwó Alága ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí!" Ó wá rí ojú. Kò rí ẹ̀rín yẹn gbé mì mọ́, ṣe ló túbọ̀ ń pọ̀. Àga tẹ̀ lé Alága. Ilé fẹ́ẹ̀ wó.

Bàbá wá yọ síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ilé rọ̀ díẹ̀. Alága orí aṣọ gbé ìgò, ó mu ún tán kíákíá. Níbi tó yẹ kó ti fọwọ́ lé eṣinṣin ni Bàbá ti dá àwòrán dúró. Ó dúró pẹ́. Ìdúró díẹ̀ yẹn tó máa ń kọ́ wa nìyẹn. Ó wá ti ọ̀pá kejì.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹlẹ́rìndòdò padà sínú ìgò. Ó ń pọ̀ ọ́, ìgò ń kún, gògóńgò rẹ̀ ń lọ sódò sókè. Nígbà tí ìgò kún dé ọrùn, bàbá mi àgbà gbéra nílẹ̀. Ó dìde ṣánṣán, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ó dúró gbọnin níwájú ọkùnrin yẹn, ó dé fìlà rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn lọ tààrà. Alága náà ń fẹ̀yìn rìn, òun àti àga rẹ̀, ó tú ọwọ́ tó ti bọ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ku ẹnu ọ̀nà lásán.

"Ẹ pa á! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!" Alága tòótọ́ ti dìde, ó ń ju ọwọ́ níwájú iná, òjìji rẹ̀ lára aṣọ ń ju tirẹ̀ náà. Ìyẹn ló wá pa wọ́n tán. Àwọn àgbà ń nu omi ojú. Bàbá pa ẹ̀rọ. Ó fọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

Ó ní, "Mi ò sọ nǹkankan o, Alága. Sinimá aláìsọ̀rọ̀ ni."

Wọn ò dìbò fún Ajíbóyè mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní Jenta, tí wọn ò tilẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Maza-maza, ìyẹn "kíákíá" lédè Hausa. Ó dín ìrìn rẹ̀ kù, ó ń rìn wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Orúkọ ò kúrò. Bàbá kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ́ fìlà fún un: "Ẹ kú ìrìn o, Alága." Àwọn kan sọ pé ó ti pọ̀ jù. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò fi imú gbóòórùn síméǹtì rí. Màmá náà sọ ọ́, nígbà tí àwọn méjèèjì ti darúgbó: "Bàbá Dúpẹ́, ṣé kò tíì tó ni?"

"Kò tíì tó. Fíìmù ló gbé mi dìde. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì sọ ọ́."

Bàbá sì kú láìgbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kí á tó gbé e lọ bá irọ́ Pásítọ̀, pósí rẹ̀ wà ní ṣíṣí ní pálọ̀ ní Kabong, lábẹ́ ògiri tó ti máa ń ta aṣọ funfun. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi orúnkún kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pósí.

Ó wá dúró kí ẹnì kan ní kó dìde.

Òkú ò lè sọ ọ́. Ìdílé ló kù. A wo Màmá nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Màmá tó ti ń bẹ Bàbá láti ọjọ́ yìí pé kó jẹ́ kó tán, ó wo kóòtù Bàbá tó wà lára ìṣó, ó wò mí.

"Bọ́sẹ̀. Ìwọ lo jọ ọ́. Dá a lóhùn."

Èmi náà ti ń ṣe tíṣà nígbà yẹn. Mo na ọwọ́ sínú kéréètì àwọn àlejò, mo mú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, mo ní kí Àǹtí Dúpẹ́ bá mi ṣí i. Ó ṣí i. Mo mu díẹ̀. Mo ní, "Ọyẹ́ ọdún yìí le o." Màláàmù Sání tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ti wá ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ní, "Wallahi." Mo tún mu díẹ̀.

Láti ilẹ̀, ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wá: "Ọmọ mi, ṣé ó tutù?"

"Kò tutù tó tiyín, sà."

Mo mu ún débi fóòmù ìsàlẹ̀. Mo gbé ìgò kalẹ̀.

"Ẹ dìde, sà."

Wọ́n bá a mú ọwọ́. Ó gbọn eékún rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sún mọ́ pósí, ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí tí onígbàjámọ̀ gé lọ́jọ́ kìíní àná. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Tíṣà mi, ẹ dìde."

Bàbá ò dá a lóhùn. Kò bínú o. Ó kàn ń rántí ni.